Àlejò Ni Ó Mú Ilé Náà Dúró: Ìtàn Ilé Àtijọ́ Kan ní Grand-Popo

Ní àdúgbò Jonquet, ní ìlú Kútọnu, ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Ilé oúnjẹ, ilé ọtí àti ilé ìtura wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, iná wọn a sì máa tàn títí di òru. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èrò tí ń lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ti ń wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Jonquet. Àwọn kan ń lọ sí Grand-Popo, àwọn mìíràn ń lọ sí ààlà Hilla-Condji àti sí Lomé. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ, dandan ni kí ó wá ibi tí yóò sùn mọ́jú. Nítorí náà, òwò ilé àlejò kì í ṣe ohun tuntun ní Jonquet.

Ohun tí àlejò sábà máa ń béèrè ni iye owó yàrá. Ó tún lè béèrè bóyá omi wà, bóyá ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń béèrè ẹni tí ó kọ́ ilé náà, àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí ó tó di ilé àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè yìí ní èrè. Bí ọkọ̀ bá kúrò ní Jonquet, tí ó rin nǹkan bí kìlómítà 85, yóò dé Grand-Popo. Ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀, létí òkun, tí iṣẹ́ gbígba àlejò ti mú dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wó, tí òkun sì ti gbé òmíràn lọ. Auberge de Grand-Popo ni wọ́n ń pè é. Ìtàn rẹ̀ lè kọ́ gbogbo ìdílé tí ó ní ilé baba ńlá lọ́gbọ́n.

Ìlú tí ó jókòó láàrin omi méjì

Orí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Grand-Popo wà. Òkun ńlá wà ní gúúsù rẹ̀, odò Mono àti ọ̀sà wà ní àríwá. Àwọn ará Pla, tí a tún ń pè ní Xwla, ni onílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹja pípa àti iyọ̀ sísè ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Ní ìgbà òwò ẹrú, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó kó ènìyàn lọ láti etíkun yìí. Nígbà tí òwò burúkú náà ń parẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òwò epo pupa àti èkùrọ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Faransé, pàápàá àwọn tí ó wá láti ìlú Marseille, kọ́ ilé ìtajà sí etí òkun. Ní ọdún 1885, ìjọba Faransé àti ìjọba Jámánì ṣe àdéhùn lórí etíkun náà. Grand-Popo àti Agoué bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Aného, tí wọ́n ń pè ní Petit-Popo nígbà náà, bọ́ sí ọwọ́ Jámánì. Ìdí nìyí tí àwọn ìlú tí ó jẹ́ aládùúgbò fi wà ní orílẹ̀-èdè méjì lónìí.

Àwọn Àgùdà náà kópa nínú ìtàn yìí. Àgùdà ni àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú ní Bràsíìlì, àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n padà sí etíkun ilẹ̀ Áfíríkà. Púpọ̀ nínú wọn tẹ̀dó sí Agoué, sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́ àti sí Èkó. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Wọ́n mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà. Ògiri tí ó nípọn, ojú fèrèsé tí ó rí bí òṣùmàrè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbòòrò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá: irú ilé bẹ́ẹ̀ di àmì ìlú etíkun wa. Àwọn òyìnbó oníṣòwò náà fẹ́ràn ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ògiri nínípọn, nítorí ooru. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọjà wà ní ìsàlẹ̀ ilé, tí olówó rẹ̀ a sì máa gbé òkè.

Kò sí èbúté gidi ní Grand-Popo nígbà náà. Ọkọ̀ ńlá a dúró sí ojú agbami. Àwọn atukọ̀ a fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá, wọn a kó ẹrù wá, wọn a kó epo lọ. Àgbá epo ni wọ́n ń yí lórí iyanrìn títí dé etí omi. Iṣẹ́ líle ni, ó sì léwu, ṣùgbọ́n òun ni ó bọ́ ìlú náà.

Nígbà tí òwò ṣí lọ

Òwò dà bí omi: ibi tí ọ̀nà bá rọrùn ni í gbà. Láàrin ọdún 1891 sí 1893, wọ́n kọ́ afárá irin kan wọ inú òkun ní Kútọnu, kí ọkọ̀ ńlá lè já ẹrù. Ní ọdún 1900, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin rélùwéè láti Kútọnu lọ sí òkè. Ní ọdún 1904, Lomé náà ní afárá irin tirẹ̀. Grand-Popo wá wà láàrin ìlú méjì tí ó lágbára jù ú lọ. Ẹrù dínkù. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣòwò ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà wọn, wọ́n sì lọ. Nígbà tí èbúté ńlá Kútọnu ṣí ní ọdún 1965, tí ti Lomé ṣí ní ọdún 1968, ògo Grand-Popo ti di ìtàn.

Ilé tí kò ní olùgbé kì í pẹ́ bàjẹ́. Páànù kan a ṣí, kò sí ẹni tí yóò kàn án padà. Omi òjò a wọlé, igi àjà a jẹrà, ikán a dé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ògiri tí ó ti dúró láti ayé baba ńlá a bẹ̀rẹ̀ sí í wó.

Ọ̀tá kejì lágbára ju òjò lọ. Òun ni òkun. Ní etíkun yìí, ìgbì a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́. Bí iyanrìn tuntun bá ń dé, etíkun a dúró síbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n òkúta gàgàrà tí wọ́n tò sínú omi láti dáàbò bo èbúté Lomé dá iyanrìn dúró. Ìdídò Akosombo lórí odò Volta ní Gánà, tí ó parí ní ọdún 1965, dá iyanrìn odò dúró. Ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1987, ṣe bákan náà. Omi ń kó iyanrìn lọ, kò sì sí èyí tí ó ń rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni òkun ṣe jẹ apá púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ Grand-Popo. Ilé ìtajà, òpópónà àti igi àgbọn wọ inú omi.

Ilé tí ó rí iṣẹ́ tuntun

Díẹ̀ nínú àwọn ilé náà kù. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì sọ di ilé àlejò. Kò ga bí àwọn ilé ìtura tuntun Kútọnu. Ohun tí àlejò ń bá níbẹ̀ ni ilé ìgbà ìjọba amúnisìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí òkun, ìbòòji àti ariwo ìgbì. Ọjọ́ orí ilé náà, tí àwọn kan ìbá kà sí àbùkù, ni ó di ọjà tí ó ń tà.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Villa Karo wà. Ilé àṣà ni, tí àwọn ará Finland dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, lábẹ́ ìdarí òǹkọ̀wé wọn, Juha Vakkuri. Àwọn òǹkọ̀wé, àwọn ayàwòrán àti àwọn olórin ń wá láti òkèèrè, wọ́n ń gbé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ilé ìkàwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó hàn níbẹ̀ náà pé ilé tí a rò pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá lè gba àlejò, kí ó sì wúlò fún ará ìlú.

Kí ni àlejò ń ṣe fún ilé? Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń mú kí ènìyàn máa wò ó lójoojúmọ́. Ẹni tí ń gbá yàrá ni yóò kọ́kọ́ rí i pé òrùlé ń jò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ń mú owó àtúnṣe wá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan bí àpẹẹrẹ. Ká ní ìdílé kan ní yàrá mẹ́rin, tí yàrá méjì sì ń ní àlejò ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ya 1.000 fráǹkì sọ́tọ̀ fún àtúnṣe lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, yóò jẹ́ 2.000 fráǹkì lójúmọ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di 60.000 fráǹkì. Ní oṣù méjìlá, ó di 720.000 fráǹkì. Owó yìí lè pààrọ̀ páànù tí ó ti dípẹtà kí omi tó ba ògiri jẹ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta, èrè náà kì í dúró sínú ilé nìkan. Àlejò yóò jẹun, nítorí náà apẹja àti ìyá tí ń ta tòmátì yóò tà. Àlejò yóò fẹ́ rìn káàkiri, nítorí náà atukọ̀ yóò gbé e lọ sí ibi tí odò Mono ti pàdé òkun, tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Ní ọdún 2017, UNESCO ka agbègbè odò Mono, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, mọ́ àwọn ibi tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú nítorí igi, ẹja àti ẹyẹ wọn.

Ilé tí kò rí ẹni gbà á sílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ilé àtijọ́ ni ó rí irú oore yìí. Ní Èkó, ní ojúde Tinúbu, ilé Àgùdà kan wà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní ọdún 1855. Àwọn kan ń pè é ní Casa do Fernandez, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí Ìlọ́jọ̀ Bar, nítorí pé ilé oúnjẹ àti ọtí wà níbẹ̀. Ní ọdún 1933, ìdílé mìíràn rà á. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

Ìkéde náà kò ran òrùlé. Ọdún ń gorí ọdún, ilé ń gbó. Àwọn tí ó ni ilé fẹ́ kọ́ ilé tuntun tí yóò mú owó wọlé. Àwọn olólùfẹ́ ìtàn fẹ́ kí ilé àtijọ́ dúró. Ẹgbẹ́ méjèèjì kò rí ojú kan fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó ilé náà palẹ̀. Ọdún 161 tí ó fi dúró parí ní ọjọ́ kan.

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni, bí ilé náà bá jẹ́ èyí tí a lè tún kọ́. Ṣùgbọ́n kò sí owó tí ó lè ra ọjọ́ orí. Ilé tí wọ́n bá kọ́ sí ojú ilẹ̀ yẹn lè ga, ó lè lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ilé ọdún 1855.

Ẹ̀kọ́ Ìlọ́jọ̀ kò nira láti lóye. Onílé kò lè jẹ ìtàn. Bí ilé àtijọ́ kò bá mú nǹkan kan wá fún àwọn tí ó jogún rẹ̀, wọn yóò máa wo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti wá iṣẹ́ fún ilé náà.

Àlejò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ó sùn sí

Síbẹ̀, iṣẹ́ gbígba àlejò náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní etíkun Gánà, àwọn odi agbára tí àwọn òyìnbó kọ́ wà títí di òní. UNESCO kọ wọ́n sínú ìwé ohun ìní aráyé ní ọdún 1979. Díẹ̀ nínú wọn ti gba àlejò rí. Ní ìlú Apam, odi kan wà tí àwọn ará Họ́láńdì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1697. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí Sùúrù. Nígbà tí ó yá, ó di ilé tí arìnrìn-àjò lè sùn sí. Odi mìíràn ní Senya Beraku, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìrètí Rere, rí irú ìyípadà kan náà.

Ṣùgbọ́n inú irú odi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti há àwọn tí wọ́n fẹ́ tà mọ́. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn sanwó, kí ó tẹ́ ibùsùn, kí ó sì sùn fọnfọn níbẹ̀? Àwọn kan sọ pé kò tọ́ rárá. Àwọn mìíràn sọ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ ibẹ̀ mọ́, odi yóò wó, ẹ̀rí ìwà ìkà náà yóò sì wó pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ìdí tiwọn.

Ohun tí ó dájú ni pé fífi ìtàn pa mọ́ burú ju gbígba àlejò lọ. Ilé oníṣòwò etíkun kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáradára nìkan. Òógùn àwọn tí wọ́n yí àgbá epo lórí iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí onílé kọ ọ́ sí ara ògiri, ní èdè Faransé àti ní èdè ìlú, pé: ẹni báyìí ni ó kọ́ ilé yìí, iṣẹ́ báyìí ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Àlejò tí ó bá kà á yóò mọ ibi tí ó sùn sí. Ọmọ ilé tí ó bá kà á yóò mọ ibi tí ó ti wá.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

Ní Àjàṣẹ́, ilé Àgùdà ṣì pọ̀ ní àárín ìlú. Àwọn kan dúró dáadáa, àwọn kan ti ń ya. Ní Ouidah, ilé Ajavon, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1922, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 2013. Kì í ṣe gbogbo ìdílé ni ó lè ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lè ní yàrá mélòó kan fún àlejò. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó ro nǹkan mẹ́rin.

Èkíní ni ìṣọ̀kan ìdílé. Ilé tí ènìyàn mẹ́wàá jogún, ẹnì kan ṣoṣo kò lè fi ṣòwò. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ẹni tí yóò máa bójú tó o, bí wọn yóò ṣe pín èrè, àti iye tí wọn yóò yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ti mọ̀wé kà gbọ́dọ̀ kà á sókè fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

Èkejì ni ìwé. ANDF ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Bákan náà, òfin kan wà tí ó dáàbò bo ohun ìní àṣà. Èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 ni a mọ̀ tẹ́lẹ̀, òmíràn sì jáde ní ọdún 2021. Bí ìjọba bá ti ka ilé kan mọ́ ohun ìní àṣà, kí ìdílé béèrè àṣẹ kí wọ́n tó wó ògiri kankan.

Ẹ̀kẹta ni omi. Òrùlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, kí wọ́n tó ra bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tó kun ọ̀dà. Ilé tí orí rẹ̀ gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, yóò pẹ́ láyé.

Ẹ̀kẹrin ni ohun èlò. Amọ̀ pupa ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ògiri àtijọ́ ní ìhà gúúsù ilẹ̀ wa. Ògiri amọ̀ ń mí. Omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ a tún gbẹ jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí wọ́n bá fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n ti fún un lágbára. Òdìkejì ni. Símẹ́ńtì a há omi mọ́ inú amọ̀, amọ̀ a rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ kan gbogbo rẹ̀ a já bọ́. Amọ̀ àti ẹfun, irú èyí tí àwọn àgbà ń ṣe nípa sísun ìkarahun, ni ó bá a mu. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Àjàṣẹ́ láti ọdún 1998, École du Patrimoine Africain, tí ó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ohun ìní àṣà. Kí ìdílé wá ìmọ̀ràn kí wọ́n tó pe bíríkìlà.

Ní Grand-Popo, ìjà kò tíì parí. Owó àlejò lè pààrọ̀ páànù, ṣùgbọ́n kò lè dá òkun dúró. Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ìyẹn. Ní ọdún 2018, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní WACA, láti ran Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́ lórí etíkun wọn. Bí ilé náà yóò bá tún rí ọ̀rúndún kan, yóò jẹ́ nítorí pé ẹni tí ó wà nínú ilé tún òrùlé ṣe, tí àwọn ìjọba sì mú iyanrìn padà sí etíkun. Iṣẹ́ ìjọba kò sí ní ọwọ́ onílé. Ṣùgbọ́n òrùlé wà ní ọwọ́ rẹ̀, òjò ọdún tí ń bọ̀ kò sì ní dúró dè é.